Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ìlérí?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ láàárín ọmọ ènìyàn, tí ó sì tún gba ọ̀nà tuntun dé bá wa: èrè tí ènìyàn jẹ lórí ohun tí kò gbìn, tí kò rù, tí kò sì fi ojú rí, ṣé èrè òtítọ́ ni, àbí owó tẹ́tẹ́? A ti mọ ìpín ilé-iṣẹ́ àti ìwé gbèsè tí wọ́n ń tà ní ọjà BRVM ní Abidjan láti ọdún 1998. Ṣùgbọ́n option àti warrant, tí a ń fi lọ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kútọnu, ní Lomé àti ní Àjàṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká, ọjà òkèèrè ni wọ́n ti wá. Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi alájàpá kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ó tọ àgbẹ̀ kan lọ nígbà tí àgbàdo ṣì wà lóko, ó sì fún un ní 10 000 fráǹkì. Owó yìí kì í ṣe ara owó àgbàdo. Owó ẹ̀tọ́ ni. Ẹ̀tọ́ náà ni pé, bí ìkórè bá dé, alájàpá lè ra àpò 10 ní 15 000 fráǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá wù ú. Bí àpò kan bá di 20 000 lọ́jà, yóò rà, yóò tà, 40 000 ni yóò sì kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ó bá yọ owó ẹ̀tọ́ kúrò. Bí ó bá wálẹ̀ sí 12 000, kò ní rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà. 10 000 àkọ́kọ́ nìkan ni ó pàdánù. Èyí gan-an ni option. Warrant jọ ọ́: ìwé ni, tí ilé ìfowópamọ́ kan tàbí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbé jáde, tí ó fún ẹni tí ó rà á ní ẹ̀tọ́ lórí ìpín ilé-iṣẹ́, ní iye tí a ti dá, títí di ọjọ́ tí a ti dá.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Aristotle, amòye ilẹ̀ Gíríìkì, sọ ìtàn Thales ará Miletus nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú. Àwọn ènìyàn ń fi òṣì Thales ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìmọ̀ rẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun. Thales wo àwọn ìràwọ̀, ó rí i pé èso ólífì yóò pọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Nígbà òtútù, tí kò sí ẹni tí yóò bá a dù ú, ó fi owó kékeré gba gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró ólífì ní Miletus àti ní Chios sílẹ̀. Nígbà tí ìkórè dé, tí gbogbo ènìyàn ń wá ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi wọ́n háyà ní iye tí ó wù ú. Thales kò jalè. Bí ólífì kò bá so, owó kékeré yẹn ni ì bá pàdánù. Ṣùgbọ́n Aristotle tọ́ka sí i pé ohun tí ó mú èrè náà wá ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀rọ wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ni ìbéèrè ti wà: ṣé èrè ìmọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ, àbí èrè ìnira àwọn tí kò ní ibòmíràn láti lọ?

Àǹfààní kan wà tí àwọn tí ń bú ọjà yìí kì í rántí, ìyẹn ni ààbò. Bí ẹ̀tọ́ láti rà ti wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti tà wà. Ìjọba Mẹ́síkò ra ẹ̀tọ́ láti ta epo rọ̀bì rẹ̀ ní 70 dọ́là fún àgbá kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2009. Nígbà tí iye epo já wálẹ̀, owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là wọlé sí àpò ìjọba náà. Ẹni tí ó ní epo tàbí oko tí ó sì ra irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò ta tẹ́tẹ́; ẹ̀rù tí ń bà á ni ó sọ di ẹrù ẹlòmíràn. Ẹni tí ó gba ẹrù náà rù, tí ó sì gba owó lórí rẹ̀, iṣẹ́ tí owó tọ́ sí ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní ọjọ́ ikú. Ẹni tí ó ra ìpín ilé-iṣẹ́ lè dúró bí iye rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí ó ra option tàbí warrant kò lè dúró. Bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń gbẹ ni. Ó lè sọ pé ọjà yóò gòkè, kí ó sì gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ àdéhùn, owó rẹ̀ ti lọ. Kíkéré tí owó náà kéré ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí kò ní fi 200 000 ta tẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè fi 10 000, 10 000 ná an tán ní ìgbà ogún.

Ti ẹni tí ó ta ẹ̀tọ́ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èrè tirẹ̀ ní òpin, àdánù rẹ̀ sì lè má ní. Nick Leeson, òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ Barings ní Singapore, ta option lórí ọjà ìpín ilẹ̀ Japan: bí ọjà bá dúró jẹ́ẹ́, yóò jèrè, bí ó bá gòkè jù tàbí já wálẹ̀ jù, yóò san. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe, ọjà sì já. Kàkà kí ó jẹ́wọ́, ó tún fi àdéhùn mìíràn kún un, ó sì ń fi àdánù pamọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àdánù náà tó nǹkan bí 827 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Barings, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1762, ni ING ti ilẹ̀ Netherlands rà ní pọ́n-ùn kan péré. Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Leeson dá aṣọ fún gbogbo ọjà, owó oníowó ni ó sì fi dá a.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó gbà ti gbà, kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, ṣùgbọ́n gbígbà kò pé láìsí ìmọ̀, kò sì pé láìsí òmìnira. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà ọ̀wọ́n oúnjẹ lè gba 10 000 fráǹkì láìwo iye tí ó fi ọwọ́ sí. Ọ̀dọ́ tí a sọ fún pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti fi dolówó kò mọ ẹni tí ó wà ní òdìkejì àdéhùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àjọ tí ń ṣọ́ ọjà owó ní ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ní ọdún 2018 fòfin de títà irú option kan fún àwọn ará ìlú, èyí tí kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ.

Lójú tèmi, èrè náà kò di èérí nítorí pé ó pọ̀, kò sì mọ́ nítorí pé òfin gbà á. Ohun mẹ́ta ni kí a bi ara wa. Owó ta ni mo fi wọ̀ ọ́: tèmi ni, àbí owó èésú àti owó ilé-ìwé ọmọ? Ẹni tí mo bá ṣe àdéhùn, ṣé ó mọ ohun tí ó gbà, ṣé ó sì lè kọ̀? Bí mo bá sì ṣe ìlérí, ṣé èjìká mi lè ru ú lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì? Bí alájàpá Kétu bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí níwájú àgbẹ̀ náà ní ọjọ́ ìkórè, kí ó jẹ 40 000 rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè ni ó kó lọ sílé.