Orí, Ẹsẹ̀ àti Eré Orí Yìnyín

Nínú eré tí wọ́n ń pè ní skeleton, eléré á sáré ti ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan lórí yìnyín, á bẹ́ lé e, á dojú bolẹ̀, orí á sì ṣíwájú. Ọkọ̀ náà kò ní bíréèkì. Èjìká àti orúnkún ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, àgbọ̀n eléré sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan yìnyín, lórí eré tó lè kọjá kìlómítà 120 ní wákàtí kan. Sìmídélé Adéagbo tó ṣojú Nàìjíríà ní PyeongChang ní 2018 ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Òlíḿpíìkì. Ibẹ̀ náà ni Ṣeun Adígún àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wa bobsled, ọkọ̀ orí yìnyín tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀. Houston ni Adígún ti fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í, ìlú tí ooru rẹ̀ kò jìnnà sí ti Èkó.

Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ìdùnnú? Ní Palmgrove ní Èkó, Kristẹni á ní a kì í dán Ọlọ́run wò. Mùsùlùmí á ní Kùránì kọ̀ fún ènìyàn láti fọwọ́ fa ìparun ara rẹ̀. Síbẹ̀, kí ìjọba tó fòfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ èrò ló ń gùn ún láàrin Palmgrove sí Bàríga láìdé akoto, tí wọ́n ń sọ pé ikú kò lè pa ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé. Ewu eléré di ẹ̀ṣẹ̀; tiwọn di kádàrá. Ìdáhùn méjèèjì kò lè jọ dúró.

Ifá wo ọ̀rọ̀ yìí jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Àfùwàpẹ́, lọ yan orí nílé Àjàlá kí wọ́n tó wá sáyé. Amọ̀kòkò tó ń mọ orí ni Àjàlá, ṣùgbọ́n onígbèsè ni, kì í sì í kíyè sí iṣẹ́ rẹ̀: orí mìíràn sán, òmíràn kò jiná. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n, òjò sì rún un mọ́ wọn lórí lójú ọ̀nà ayé. Àfùwàpẹ́ tó rúbọ, tó bá Àjàlá san gbèsè, ni Àjàlá bá yan èyí tó jiná. Ifá tún sọ pé àwọn orí dá ìmọ̀ràn láìpe Ẹsẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò sì yọrí. Ẹsẹ̀ ni aápọn ènìyàn. Eléré tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ṣe ń sáré, bí a ṣe ń ṣẹ́ kọ́nà, kò dán ẹnikẹ́ni wò. Ó pe Ẹsẹ̀ sí ìmọ̀ràn.

Ẹni tó yan orí ni àwọn onítàn sábà máa ń bá wí. Ó yẹ kí wọ́n bá amọ̀kòkò náà wí, torí kò sí aápọn tó lè ran ẹni tí wọ́n fún ní ìkòkò tútù lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2010, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Òlíḿpíìkì Vancouver, Nodar Kumaritashvili, ọmọ ọdún 21 láti Georgia, ń ṣe ìdánrawò luge, eré ọkọ̀ orí yìnyín tí ẹsẹ̀ ti ń ṣíwájú, ní Whistler. Ó ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 144 ní wákàtí kan nígbà tó fò jáde ní kọ́nà ìkẹyìn, ó sì forí sọ òpó irin tí wọn kò fi tìmùtìmù bò. Ó kú. Àwọn aláṣẹ ní òun ló ṣàṣìṣe. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé ògiri kọ́nà náà ga, wọ́n tún yìnyín rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní kí àwọn ọkùnrin máa gbéra láti ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gbéra. Gbogbo iṣẹ́ yìí ló ṣeé ṣe kó tó gun ọkọ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti Orí rẹ̀ nínú wọn.