JÌTÁ ÀLÒKÙ NÍNÚ ILÉ OLÚWA

Ìwàásù àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ
Kíkà: Sámúẹ́lì Kejì 24:18–25, Orin Dáfídì 150

  

Bí ẹ bá wo apá ọ̀tún pẹpẹ, ẹ óò rí jìtá pupa kan lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa. Kì í ṣe tuntun o. Tòkunbọ̀ ni, Ìbàdàn la ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó ti fi bá ẹgbẹ́ olórin jùjú ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi di méjì láàrin wa. Àwọn àgbà kan ní ohun tí ó ti gbé ilé ọtí, tí wọ́n ti náwó sí níbi àríyá, kò yẹ kó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a ṣáà ta òróró sí i, ó parí. A ti gbọ́ tọ̀tún, a ti gbọ́ tòsì. Ẹ jẹ́ kí a wo inú Ìwé Mímọ́.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa Ísírẹ́lì, wòlíì Gáàdì rán Dáfídì pé kí ó lọ tẹ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Áráúnà ará Jébúsì. Ẹ gbọ́ ná, ilẹ̀ ìpakà! Ibi tí màlúù ti ń tẹ ọkà, tí ìyàngbò ti ń fò kiri, tí ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Ibi àlòkù gbáà ni. Dáfídì kò béèrè ẹsẹ̀ tí ó ti tẹ ibẹ̀ rí. Iye owó ló béèrè. Áráúnà fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, àti ilẹ̀, àti màlúù, àti igi. Ọba kọ̀ jálẹ̀. Ẹbọ tí ẹlòmíì sanwó rẹ̀, ti ta ni? Ó ka 50 ṣékélì fàdákà sílẹ̀ kí ó tó dáná. Ibẹ̀ náà sì ni Ìwé Kíróníkà sọ pé Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ḿpìlì sí.

Nítorí náà, kí a tó béèrè ibi tí jìtá ti ta rí, ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ wa ni kí a kọ́kọ́ wò. Kí a tó rí èyí, ẹnì kan gbé òmíràn wá, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Wọ́n ti fi sáńpépà ha nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, kò ní risíìtì, ẹni tí ó gbé e wá kò sì fẹ́ ká mọ ilé òun. A dá a padà. Jìtá tí olórin kan ń sunkún wá kiri ìgboro, òróró wo la fẹ́ ta sí i?

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbọ́ èyí. I.K. Dairo tí ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957, èyí tí ó di Blue Spots, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, Aládúrà ni. Ohùn orin ìsìn wa wà nínú jùjú rẹ̀ ketekete. Ebenezer Obey náà, tí ó fi jìtá ṣeré àríyá títí ó fi gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ó padà gbé e wá sídìí ìhìnrere. Bí a bá wá ń sọ pé ilé ọtí ni jìtá ti wá, ẹ jẹ́ ká rántí pé apá kan orin tí ó bá a lọ síbẹ̀, ilé tiwa ló ti jáde.

Ó wá kù sí ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́. Òróró nìkan kò tó. Nígbà tí a gbé jìtá yìí délé, kíkùn ló ń kùn. Abẹ́ okùn rẹ̀ ni òòfà wà, tí wọ́n wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Òun ni wọ́n ń pè ní pickup. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré á jí nínú wáyà, á gba inú okùn lọ sí ampilifáyà, òun ló di ohùn tí à ń gbọ́. Ṣùgbọ́n wáyà kan náà a máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀, a máa gbọ́ iná gígùn tó wà lájà. Èlíṣà ní kí wọ́n pe ẹni tí ń ta ohun èlò orin wá kí ọwọ́ Olúwa tó bà lé e. Ṣé hùn-ùn bí oyin ni ẹ fẹ́ kí wòlíì máa gbọ́?

Àwọn kan ní kí a fi ọ̀dà funfun kùn ún kí ó lè bá sùtánà mu. A rẹ́rìn-ín. Inú ló ń kùn.

Okùn tuntun la kọ́kọ́ fi sí i, owó rẹ̀ kéré, ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀. A pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ orí rẹ̀ tí kò lè di ohùn mú mọ́. Káfíńtà fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ bí ẹni ń wo pákó, ó ní ó ti tẹ̀. Ọyẹ́ àti òjò ilẹ̀ wa kì í fi igi sílẹ̀. Irin kan wà nínú ọrùn náà tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ láti tọ́ ọ, ẹ má yí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Atúnrédíò-ṣe fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tó ti já, ó pààrọ̀ ihò tí okùn ń wọ̀. Ìgbẹ̀yìn ni pickup, a sì fi oníbejì sí i, irú èyí tí Seth Lover ṣe ní ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà ní 1955. Ìbejì ni lóòótọ́: ìwé wáyà àti òòfà ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kíkùn tí ó ti ìta wá á pa ara rẹ̀ láàrin wọn, ohùn okùn á sì di alágbára. Ẹ̀yin ìjọ tí ẹ fẹ́ ra tiyín, bí owó yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ má ná ju méje lọ́jà. Mẹ́ta tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀ràn tí ó wúwo jù lọ́kàn wa rèé. Okùn jìtá fi wáyà kan so mọ́ ilẹ̀ ampilifáyà. Bí ilẹ̀ ampilifáyà kò bá dára, bí ẹnì kan bá ti gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ kò ní ilẹ̀ rárá, iná á máa wá ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó ń rí ni ọwọ́ tó wà lára okùn àti ètè tó kan maikirofóònù. Ní 1972, ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey tí ń ta jìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows fọwọ́ kan maikirofóònù tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀ dáadáa, iná sì pa á lórí ìtàgé.

Ẹlòmíì, bàtà lè gbà á. Àwa ńkọ́? A ń bọ́ bàtà, nítorí ibi tí a dúró sí mímọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti pa á láṣẹ fún Mósè létí igbó tí ń jó. A kò ní torí iná wọ bàtà wọlé o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán, òógùn ijó, àti omi àdúrà tí a wọ́n sílẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló dúró láàrin wọn pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní àdúrà yóò bo èyí, kí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi pe oníná kí a tó pe àlùfáà. Ó ri irin gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé àdúrà, ó so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, ó fi pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí ampilifáyà, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń já iná sílé. Owó rẹ̀ ju ti pickup lọ, àwọn kan sì ń béèrè ohun tí a rì mọ́lẹ̀ láàjìn. Ohun tí a rì nìyẹn.

Lálẹ́ ìṣọ́ òru àjọ̀dún, jìtá náà yóò ta, ẹni tí yóò ta á yóò bọ́ bàtà bí gbogbo wa. Irin ilẹ̀ náà wà lábẹ́ fèrèsé ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má fẹsẹ̀ kọ ọ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má so ewúrẹ́ mọ́ ọn mọ́.