Ǹjẹ́ Ohun tí Ayé Pa Tì Di Aláìwúlò?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà pé ohun tí àwọn ènìyàn bá fi sílẹ̀, àléébù ara rẹ̀ ló lé wọn sá. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nípasẹ̀ ìtàn fèrè klarinẹ́ẹ̀tì nínú orin jáàsì.

Nígbà tí jáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé ní New Orleans, klarinẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Sidney Bechet àti Johnny Dodds fi í lókìkí. Ní oṣù kìíní ọdún 1938, Benny Goodman gbé e wọ gbọ̀ngàn Carnegie ní New York. Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, orin bebop dé pẹ̀lú eré sísá rẹ̀, sákísófóònù sì gba iwájú.

Wọ́n ní klarinẹ́ẹ̀tì le jù. Òótọ́ ni pé bí a bá fẹ́ ẹ lọ sókè, kì í bọ́ sórí ohùn kẹjọ bíi ti sákísófóònù; ohùn kejìlá ló ń bọ́ sí. Nítorí náà, ìka tó mú ohùn kan jáde nísàlẹ̀, ohùn mìíràn ló ń mú jáde lókè. Síbẹ̀, Buddy DeFranco fi í ṣe bebop láìkọsẹ̀. Ìṣòro nìkan kọ́, nígbà náà. Lójú tiwa, fèrè náà ń rán àwọn ọ̀dọ́ létí ijó àwọn bàbá wọn, ohùn tiwọn ni wọ́n sì ń wá.

Ní ọdún 1962, Jimmy Giuffre ṣe àwo Free Fall pẹ̀lú Paul Bley onídùùrù àti Steve Swallow oníbáàsì, láìsí onílù kankan. Nínú àwọn orin kan níbẹ̀, klarinẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀. Àwo náà kò tà. Ẹgbẹ́ náà tú ká. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pínyà, sẹ́ńtì 35 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lónìí, àwo yìí kan náà ni àwọn olórin ń tọ́ka sí bí èyí tó la ọ̀nà. Àwọn orin tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà kò sì yí padà! Níbo wá ni iyì rẹ̀ wà nígbà tí kò sẹ́ni tó rà á? A gbà pé inú rẹ̀ ló wà. Ẹ̀rí nípa etí olùgbọ́ ni ọjà ń jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí nípa fèrè.

Ṣùgbọ́n iyì tó wà nípamọ́ ń fẹ́ ibi ìpamọ́. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ orin kò fi klarinẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ rí. Ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan ní Boston ni Don Byron, ọmọ adúláwọ̀ láti Bronx, gbà kọjá kí ó tó ṣe Tuskegee Experiments ní ọdún 1992; lọ́dún kejì, orin àwọn Júù ti Mickey Katz ló gbé jáde. (Ohun tó bá jẹ́ orin ẹnìkan pẹ̀lú ni ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì kọ sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu àgbà nìkan ni ilé rẹ̀, ńkọ́? Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ irú rẹ̀ dáadáa.)

Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tòde òní tó ń wá ipò ọdún 1938 padà. Ní ọdún 2017, Anat Cohen, ọmọ Ísírẹ́lì, ṣe àwo Outra Coisa pẹ̀lú Marcello Gonçalves ará Brasil. Orin tí Moacir Santos kọ fún ọ̀pọ̀ ohun èlò ni. Àwọn méjèèjì fi klarinẹ́ẹ̀tì kan àti gìtá olókùn méje gbé e.