Ohun Olóhun Kì í Ṣe Ẹ̀bùn Ọlọ́run

Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ó sì gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í mú un. Kò pẹ́ tí fóònù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọmọkùnrin náà sì pa á. Mo ní kó jẹ́ kó dún, kó gbé e, kí olóhun lè mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà. Bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn ló dá mi lóhùn: "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọlọ́run ló ta á lọ́rẹ. Yọ síìmù ẹ̀ dànù, ọmọ mi." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Kọ́ńdọ̀ bi mí bóyá èmi ni mo ni fóònù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá yìí wà lọ́jà, òun gan-an ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ náà. Ìwà ọmọkùnrin yẹn kò dùn mí tó ti bàbá. Ọmọkùnrin náà ṣì ń wojú wa, ó ń wò ó bóyá ẹnì kan máa sọ̀rọ̀. Bí àgbà ẹyọ kan péré bá ní "gbé e sílẹ̀," á gbé e sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àmì ọmọlúàbí lórí: ìtẹríba, ọ̀rọ̀ sísọ, inú rere, iṣẹ́ ṣíṣe, akínkanjú, òtítọ́. Mo gbà pé bàbá yìí ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òtítọ́ kò bá sí, kí ni a fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe? Olè tó mọ àgbà kí, olè náà ni.

Ohun tó wá mú inú mi ru gan-an ni ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tó jókòó síwájú. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn ìlú ńlá tí olè kò pọ̀ sí lókè òkun, owó ló wà níbẹ̀, àti kámẹ́rà, àti ọlọ́pàá. Pé bí ìlú tiwa bá dára, àwa náà á dára. Gbogbo ọkọ̀ ní òótọ́ ló sọ.

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mú Tokyo, olú ìlú Japan. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù 14 ló ń gbé inú rẹ̀, bí a bá sì ka àwọn ìlú tó so mọ́ ọn, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 35. Ọkọ̀ ojú irin wọn a máa kún débi pé ènìyàn kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé. Síbẹ̀, ìpànìyàn ní gbogbo Japan kò tó ẹyọ kan nínú 100,000 ènìyàn lọ́dún. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún méje lọ á dá wọ ọkọ̀ lọ síléèwé, ọkàn ìyá rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nǹkan tó sọnù ló jẹ́ kí n mú Tokyo. Ní 2018, nǹkan tí àwọn ènìyàn he tí wọ́n sì kó fún ọlọ́pàá nínú ìlú yẹn nìkan lé ní mílíọ̀nù 4. Owó tí wọ́n he tí wọ́n kó wá lé ní bílíọ̀nù 3 yẹ́ẹ̀nì. Fóònù ńkọ́? Nínú mẹ́wàá tí wọ́n gbé wá, ó lé ní mẹ́jọ tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Wọ́n ní ètò tó ràn wọ́n lọ́wọ́, n kò jiyàn. Láti 1874 ni wọ́n ti ń kọ́ àgọ́ ọlọ́pàá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní koban sí ìkòríta àti ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Ó lé ní 800 ní Tokyo nìkan. Ọlọ́pàá ibẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún àlejò, ó sì ń lọ kí àwọn ará àdúgbò nílé wọn. Òfin fún ẹni tó he nǹkan láàyè láti gba ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ lọ́wọ́ olóhun. Bí olóhun kò bá sì yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó he é lè mú ọ̀pọ̀ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá he é tó fi í pamọ́ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ìbọn kò wọ́pọ̀ nígboro, nítorí òfin 1958 kò gbà fún ará ìlú láti máa gbé e káàkiri.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Nínú ọkọ̀ tó kún, ta ni òfin máa rán wá wo ọwọ́ ẹni tó he fóònù? Èrò ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ní Tokyo, èrò ọkọ̀ wà lẹ́yìn olóhun. Nínú ọkọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀yìn ẹni tó mú un la wà. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wa wà, kámẹ́rà kọ́. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Ní 2002, ìwà ọ̀daràn tí ọlọ́pàá Japan kọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2.8. Ní 2021, kò tó 600,000. Láàárín àwọn ọdún yẹn, àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tiwọn sílẹ̀ káàkiri láìgbowó. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, wọ́n á dúró sójú ọ̀nà iléèwé, wọ́n á máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àgbà ìlú nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ní òṣì ló fà á, kó bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè. Àwọn baba wa kò lówó lọ́wọ́ tó wa, síbẹ̀ wọ́n ń kó iṣu àti ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà oko, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí oníbàárà lè mọ iye tí wọ́n ń tà á, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n á bá owó níbẹ̀. Ní àdúgbò Nerima nínú Tokyo, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń pàtẹ ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú àpótí owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwa la jogún àṣà yìí, àwa náà la sọ ọ́ nù.

Kí wọ́n má baà ní mo ń bọ Japan: ọlọ́pàá wọn lè ti ènìyàn mọ́lé fún ọjọ́ 23 kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án, èyí kò sì dára. Àwọn ọkùnrin kan ń fọwọ́ pa obìnrin lára nínú ọkọ̀ ojú irin, débi pé wọ́n ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún obìnrin. Àwọn oníjìbìtì ń pe arúgbó lórí fóònù, wọ́n ń gbowó wọn. Ibi tí mo lè bá àwọn aláríwísí wọn dé nìyẹn. Kò sí èyí tó dá ọmọkùnrin tó fi fóònù olóhun sápò láre nínú wọn.

Àbúrò mi mú pẹ́ńsù ọmọ kíláàsì rẹ̀ wálé nígbà kan. Ó ní òun he é ni. Bàbá wa kò lù ú, kò sì pariwo. Ó wọ bàtà, ó fà á lọ́wọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn méjèèjì sì lọ dá pẹ́ńsù padà sílé ọmọ yẹn lójú gbogbo ará ilé wọn. Àbúrò mi ti dàgbà, ó ń ṣe akápò báyìí, wọn kò sì tíì wá owó tì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wọ ọkọ̀, mo bẹ̀ yín, bí fóònù olóhun bá dún lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ní kó gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fóònù àlòkù, ẹ béèrè ẹni tó ni ín kí ẹ tó sanwó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ, ẹ má rà á.