Ǹjẹ́ Ìbẹ̀rù Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Jẹ́ Àìnígbàgbọ́?

Nígbà tí aboyún bá sọ pé ẹ̀rù ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ń ba òun, ẹlòmíràn a dá a lóhùn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Èsì yìí kò tọ́. Kí ni àwa fúnra wa ń wí bí a bá ń súre fún aboyún? A ní kí á gbọ́ ohùn ìyá, kí á gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹni tí ń gba irú àdúrà yìí mọ̀ pé ewu wà. Èé ṣe tí a ó fi bá obìnrin wí nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀? Ìpayà bá Olúwa wa pàápàá ní Gẹtsemánì (Máàkù 14:33), kò sì dẹ́ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn a tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì 3:16, wọn a ní kí obìnrin fara da ìrora tí Ọlọ́run fi lé e lórí. Ìjọ ti dáhùn èyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1956, Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí a fi ń kọ́ aboyún bí ìbímọ ti ń lọ, bí yóò ṣe máa mí àti bí yóò ṣe dẹ ara, kí ìbẹ̀rù má baà fi kún ìrora. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, Ìwé Mímọ́ kò sì kọ̀ ọ́. (Orí ìwé kan náà fi òógùn ojú jìn ọkùnrin, síbẹ̀ ta ni ó ń lé àgbẹ̀ Ikpinlè kúrò lábẹ́ ibòji?)

Ìbáwí kì í lé ìbẹ̀rù lọ. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù gan-an. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ó lè jẹ́ oyún àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ní àwọn abúlé Adja-Ouèrè, ó lè jẹ́ ọ̀nà ni: òru, òjò, ẹrẹ̀, àti ilé ìgbẹ̀bí tí ó jìnnà. Àdúrà nìkan kọ́ ni èyí ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ. Kí oṣù tó pé, kí ó ti mọ ẹni tí yóò fi alùpùpù gbé e, kí owó sì ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí Màríà Wúndíà gbọ́ nípa oyún Ẹlísábẹ́tì, kò ránṣẹ́ kí i lásán. Ó lọ, ó sì bá a gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta (Lúùkù 1:56). Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 2018, ní kí obìnrin tí ń rọbí ní ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù náà kò bá sì jẹ́ kí ó sùn tàbí kí ó jẹun, ẹ bá a lọ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí: ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú.