Ẹ̀rọ Dákẹ́, Ẹ̀tọ́ Kò Dákẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn okùn ìbánisọ̀rọ̀ tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Àwọn ilé ìfowópamọ́ kan ní Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí á ro ti ẹni tó ń dá ta oúnjẹ adìyẹ ní Ẹgbẹ́dá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà fi fóònù sanwó, owó kò wọlé. Ó tún fi owó ọwọ́ san án. Lọ́jọ́ kejì, owó àkọ́kọ́ yọ́ wọlé. Oníbàárà ti padà sóko. Ta ló rí i?

Ṣàìtánì á ní Ọlọ́hun ló fi dí àdánù àná. Irọ́ ni. Lóòótọ́, àwa kọ́ la ba okùn jẹ́, ọjà tí a kò rí tà sì dùn wá. Ṣùgbọ́n àdánù wa kò sọ owó olówó di tiwa.

Suratul-Baqarah, áyà 282, pàṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé àti bíírò wà nísọ̀, kí á kọ orúkọ àti iye owó, kí á lè wá olówó rí. Ẹ̀rọ lè gbàgbé. Àwọn máláíkà tó ń kọ iṣẹ́ wa kì í gbàgbé. Kí Ọlọ́hun fi halali bọ́ wa. Àmín.