Ǹjẹ́ A Lè Fọ Ogbó Kúrò Lára Ohun Èlò?

Arúgbó ṣoge rí, àkísà lo ìgbà rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì yọ ohunkóhun tí ọwọ́ ẹ̀dá ṣe sílẹ̀ nínú òfin náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé Macintosh jáde ní ọdún 1984, tí ilé-iṣẹ́ Commodore sì gbé Amiga 500 jáde ní ọdún 1987, àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù kò fi kọ̀ǹpútà wọ̀nyí pamọ́. Orí tábìlì ni wọ́n gbé wọn sí, kí àlejò lè rí wọn, kí ọmọ ilé sì lè fi wọ́n yangàn níwájú ẹgbẹ́. Lónìí, ẹni tí ó bá bá ọ̀kan nínú wọn pàdé ní àjà ilé tàbí lọ́jà àlòkù lè rí i pé ara tí ó mọ́ tónítóní nígbà náà ti pọ́n rúsúrúsú. Àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbà fún ogbó yìí. Wọ́n wá oògùn rẹ̀, wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n oògùn náà gbé ìbéèrè kan dìde tí ó ju ọ̀rọ̀ ike lọ: ǹjẹ́ ohun tí ìgbà ti kọjá lára rẹ̀ lè padà di bí ó ti wà lọ́jọ́ tí a dá a, tàbí ara wa ni a ń tàn jẹ?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu ike. ABS ni orúkọ èyí tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni wọ́n sì pò pọ̀ láti fi ṣe é: acrylonitrile, butadiene àti styrene. Butadiene ni rọ́bà inú rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí àpótí náà fọ́ yángá bí ó bá já bọ́ láti orí tábìlì. Síbẹ̀ òun kan náà ni ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń dojú kọ, tí wọ́n á máa já okùn tí ó so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Àwọn tí ó ṣe é tún máa ń fi èròjà tí ó ní bromine sí i, kí iná tí ó bá ṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ má bàa rí àpótí jó, kí ilé onílé má sì di eérú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó di ẹ̀bi pípọ́n ike ru bromine yìí, àwọn mìíràn sì ní ti rọ́bà ni ó pọ̀ jù. Ibi yòówù kí ẹ̀bi wà, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé: ohun tí a fi sí ike láti dáàbò bò ó gan-an ni ogbó bá wọlé.

Èyí tí ó tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ni ti Super Nintendo, ẹ̀rọ eré tí ó dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 1991. A máa ń rí èyí tí ìdajì àpótí rẹ̀ ti pọ́n gan-an, tí ìdajì kejì sì ṣì wà ní àwọ̀ eérú tí wọ́n fi dá a. Ilé kan ni àwọn méjèèjì gbé, ọwọ́ ọmọ kan ni ó ń gbé wọn kiri, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ ike tí a fi mọ ọ̀kan kì í ṣe èyí tí a fi mọ èkejì. Àní a ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n dì mọ́ inú páálí láti ọdún gbọ́ọrọ́, tí oòrùn kò kàn, tí ó sì pọ́n síbẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. A dáyé tán, ojú ń kán ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ike kò kúnlẹ̀ níbì kankan, kò yan ohunkóhun. Ẹlòmíràn ni ó bá a yàn án ní ilé-iṣẹ́. Nítorí náà a kò lè pe pípọ́n rẹ̀ ní ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan, a kò sì lè sọ pé àìbìkítà olówó rẹ̀ nìkan ni ó fà á. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yára pe ohun tí ó gbó ní ẹlẹ́gbin.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó kàn. Ní ọdún 2008 ni òkìkí èyí tí wọ́n ń pè ní Retr0bright kàn láàrin àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́. Hydrogen peroxide ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, oògùn tí àwọn onídìrí fi ń sọ irun dúdú di pupa. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ra ìpara irun náà gan-an, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Oníṣẹ́ yóò tú ẹ̀rọ palẹ̀, yóò yọ gbogbo ohun tí iná ń gbà kọjá kúrò, yóò fi ọṣẹ fọ àpótí òfìfo. Yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò sì fi awò bo ojú, nítorí oògùn náà a máa jó ara. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kárí, yóò fi ọ̀rá tín-ínrín bò ó kí ó má bàa gbẹ, yóò sì gbé e sínú oòrùn. Bí ó bá gbẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ike náà lè ní ilà àti àbàwọ́n tí ó burú ju pípọ́n àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá mọ́, láàrin wákàtí díẹ̀ ike yóò funfun. Ẹ wo ìyanu náà: oòrùn tí ó ba ike jẹ́ ni a tún gbé e lé lọ́wọ́ pé kí ó tún un ṣe, ọ́síjìn tí ó jẹ ẹ́ náà ni ó sì wà nínú oògùn tí ó wẹ̀ ẹ́.

Kí wá ni oògùn náà wẹ̀ kúrò? Àwọ̀ ni. Okùn tí ó ti já nínú rọ́bà kò so padà. Àpótí tí ó ti di ẹlẹgẹ́ ṣì lè sán bí ìgbọ̀nwọ́ bá ṣèèṣì kàn án, bí ó ti wù kí ó funfun tó. Àwọn kan sì ti rí i pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni pípọ́n náà padà wá, àní lára èyí tí a kò gbé sínú oòrùn mọ́. Àyànmọ́ kò gbóògùn, ni Yorùbá wí. Bí ó bá tilẹ̀ gbọ́ díẹ̀, a sún ọjọ́ síwájú ni, a kò pa á rẹ́.

Ìjà lórí àtúnṣe ohun àtijọ́ yìí ti wà tipẹ́ kí ike tó dé ayé. Ní ọdún 1849, John Ruskin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, takú nínú ìwé rẹ̀ *The Seven Lamps of Architecture* pé ẹni tí ó ní òun ń sọ ilé àtijọ́ di bí ó ti wà rí, ìparun ni ó ń ṣe, nítorí ẹ̀mí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ kò lè padà wá. Ní ilẹ̀ Faransé, Eugène Viollet-le-Duc, tí ó wà lára àwọn tí ó tún ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ti Paris ṣe, gbà ní tirẹ̀ pé àtúnṣe lè mú ilé dé ìpé tí kò tilẹ̀ dé rí ní ìgbà kankan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ péjọ sí Venice ní ọdún 1964, wọ́n là á sílẹ̀ pé kí a bọ̀wọ̀ fún ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan fi kún ilé, kí àtúnṣe sì dúró níbi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ike wò. Ta ni ó mọ bí àwọ̀ Amiga kan ti rí gan-an ní ọdún 1987? Àwòrán ìpolówó ti ṣá, ojú ẹni tí ó rí i nígbà náà sì ti gbó pẹ̀lú. Ìgbà èwe ara wa ni a ń lé kiri pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara; ike kàn jẹ́ ibi tí a rò pé ó sá pamọ́ sí.

Funfun niyì eyín. Ta ni ó wá sọ pé òun náà ni iyì ike? Àwọn olùsìn Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá aláàlà, a máa fọ àlà wọn, nítorí epo tí ó ta sí àlà, òde ni ó ti wá, a sì lè fọ̀ ọ́ kúrò kí òwú wà bí ó ti wà. Eruku, ọ̀rá ọwọ́ àti èéfín sìgá rí bẹ́ẹ̀ lára kọ̀ǹpútà: ìdọ̀tí ni wọ́n, ojúṣe sì ni kí a fọ̀ wọ́n. Pípọ́n kò sí lára ìdọ̀tí. Ara ike fúnra rẹ̀ ni ó yí padà.

Ǹjẹ́ mo wá ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án? Rárá o. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, tí ó sì ń lò ó, ní àṣẹ láti tún un ṣe bí ó ti fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní àṣẹ láti pààrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ tí ó bá kán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a gbé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹlẹ́rìí ni. A kì í kọ́ ẹlẹ́rìí ní ohun tí yóò sọ kí ó tó dé iwájú adájọ́. Ti ọjà ni ó le jù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lówó ni a ń ra èké. Ẹni tí ó bá wẹ ike, tí ó sì tà á bí èyí tí kò pọ́n rí, ọjọ́ orí ẹlòmíràn ni ó ń tà. Kí ó kọ ohun tí ó ṣe àti ọjọ́ tí ó ṣe é sínú ìwé péńpé, kí ó fi sínú àpótí náà: ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ ti tó láti yọ àtúnṣe kúrò nínú ẹ̀tàn.

Ìdí tí mo fi dúró lórí èyí ni pé oògùn kò yọ ọjọ́ kankan kúrò nínú ọjọ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ kan ni ó fi kún un. Ẹ̀rọ tí a dá, tí ó pọ́n, tí a sì wẹ̀, kò lè di ẹ̀rọ tí kò pọ́n rí láé. Bákan náà ni onísìn tí ó gba ìdáríjì kò di ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ tí a sì dárí jì ni, bí ó bá sì gbàgbé apá kìíní, ọpẹ́ rẹ̀ fún apá kejì yóò di òfìfo. Olódùmarè, Ọ̀yígíyigì, Ọba àìkú, nìkan ni ìgbà kì í kọjá lára rẹ̀. Ní ti àwa tí ìgbà ń kọjá lára wa, àti ohun gbogbo tí ọwọ́ wa ṣe, ẹ̀tọ́ wa ni láti tún ara ṣe. Ẹ̀tọ́ wa kọ́ ni láti sẹ́ pé a ti gbó.